Siasia, ọmọ Ajégúnlẹ̀

Bí mo bá ń kọ́ni ní orúkọ ìlú, Ajégúnlẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni í gúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n èbúté Àpápá tó múlé tì í ni ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Bọ́ọ̀lù ni àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀ fi ń wá ajé tiwọn.

Samson Siasia wà lára wọn. Ó gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n Ajẹntínà nínú Ife Àgbáyé ọdún 1994. Nígbà tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá (ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn púpọ̀), Ajẹntínà yìí kan náà ló na ikọ̀ rẹ̀ ní àṣekágbá lẹ́ẹ̀mejì: 2–1 ní ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ọdún 2005, tí Messi gbá pẹnáritì méjèèjì wọlé, àti 1–0 ní Òlíńpíìkì Beijing ọdún 2008. Fàdákà ni wọ́n gbà; idẹ ni ti Rio, 2016.

Ní 2019, FIFA fòfin dè é títí ayé, wọ́n ní ó fara mọ́ gbígba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ láti darí àbájáde eré. Ó sẹ́. Ní 2021, ilé ẹjọ́ eré ìdárayá ti àgbáyé dín ìjìyà náà kù sí ọdún márùn-ún.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bi mí bóyá ó yẹ kí n ṣì máa dárúkọ rẹ̀ ní kíláàsì. Ìbéèrè náà dùn mí, nítorí ó tọ́. Mo ní n ó máa dárúkọ rẹ̀, n ó sì máa sọ ìtàn náà tán, àti fàdákà àti ìjìyà.