Owó Tó Sọnù Nínú Kọ̀ǹpútà

Ní Èkó, tí wọ́n bá fẹ́ yin ẹni tí orí rẹ̀ pé, wọ́n á ní orí rẹ̀ pé bíi ti Alájọ Ṣómólú. Olóògbé Alphaeus Taiwo Olunaike ni wọ́n ń sọ, alájọ tí wọ́n ní kì í kọ orúkọ oníbàárà sílẹ̀, síbẹ̀ tí kì í ṣi owó san. Àwa mẹ́rin tí a jọ ń gbé ní Akoka kò ní irú orí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi gbé ìṣirò owó oúnjẹ wa fún kọ̀ǹpútà, ó sì kù díẹ̀ kó tú wa ká.

Níbẹ̀rẹ̀ oṣù, oníkálukú á fi ₦15,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì kan tó wà lórúkọ ọ̀kan nínú wa. Òun ni akápò. Nínú rẹ̀ la ti ń ra ìrẹsì àti gàrí lọ́jà Ojúwòyè ní Mushin, inú rẹ̀ náà la ti ń san owó iná àti gáàsì. Níparí oṣù kẹfà ọdún 2024, a gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ báńkì, a sì kó o sínú GnuCash, ètò ìṣirò owó tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́.

Kọ̀ǹpútà ní ó yẹ kí owó tó kù lé ní ₦71,000. Èyí tó wà ní báńkì kò pé ₦24,000.

Gbogbo wa wo akápò. Kò sẹ́ni tó pè é lólè, ṣùgbọ́n ẹnìkan bi í bóyá ó yá nínú owó náà, ẹnìkan sì rántí bàtà tuntun tó rà. Kò bá wa jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Tẹnu kọ̀ǹpútà nìkan la gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ lọ tẹ àkọsílẹ̀ náà sórí ìwé ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá géètì. Ó ní, "Ẹ mú báírò, ká jọ kà á lọ́kọ̀ọ̀kan." Bí a ti ń kà á, a rí i pé gbogbo ìnáwó ọjọ́ kẹtàlá títí dé ìparí oṣù wà lórí ìwé, kò sí nínú kọ̀ǹpútà.

Àṣìṣe wa ni. Báńkì wa máa ń kọ ọjọ́ ṣáájú oṣù. 05/06/2024 ni ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà. Àwa wá yan ìlànà àwọn ará Amẹ́ríkà, tí oṣù ń ṣáájú, ó sì di ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún. Èyí tó bá ju ọjọ́ kejìlá lọ kò ṣeé kà rárá, nítorí kò sí oṣù kẹtàlá. Ètò náà kìlọ̀ fún wa, ṣùgbọ́n ìkánjú mú wa ní kó fo gbogbo ìlà tó ní àṣìṣe. Ó ka owó tí a dá níbẹ̀rẹ̀ oṣù, kò ka ohun tí a ná lẹ́yìn rẹ̀.

A tún un kó wọlé, ló bá burú sí i. Àwọn ìlà tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí kì í ṣe tiwọn di méjì méjì. Ìgbà tí a pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, tí a bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ni iye méjèèjì tó bára mu títí dórí kọ́bọ̀. A tún wá rí ibi tí owó kéékèèké ń gbà lọ: ₦50 tí ìjọba máa ń yọ lọ́dún 2024 nínú owó tó bá wọlé tó tó ₦10,000, àti ₦10.75 tàbí ₦26.88 tí báńkì máa ń gbà nígbà náà bí a bá fi owó ránṣẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ wá ọjọ́ tó ju méjìlá lọ nínú àkọsílẹ̀ yín, kí ẹ fi mọ èwo ni ọjọ́, èwo ni oṣù. Ẹ má fo ìlà kankan láìwò ó. Ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ kí ẹ tó kó tuntun wọlé. Kí ẹ tó gba iye tí kọ̀ǹpútà bá sọ gbọ́, ẹ fi wé èyí tí báńkì kọ sí ìlà ìkẹyìn.

A bẹ akápò wa. Ó ní òun ti gbàgbé, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti ṣe akápò mọ́. Ní báyìí, ẹnìkan ń kó o sínú kọ̀ǹpútà, ẹlòmíràn ń kà á láti orí ìwé. Ẹ yẹ ìwé wò kí ẹ tó yẹ ọ̀rẹ́ yín wò.