Sìmídélé lórí Yìnyín

Bí ẹnì kan bá wà ní Àpápá tí ó yẹ kí ó mọ yìnyín dájú, àwa ni. Ọdún kẹrìnlélógún rèé tí a ti ń ṣe akọ̀wé ní ilé òtútù kan tí kò jìnnà sí èbúté, níbi tí a ń kó ẹja tí ọkọ̀ òkun gbé dé pamọ́ sí. Láràárọ̀ ni a ń ti Ajégúnlẹ̀ rìn kọjá Boundary nínú oòrùn, ti àwa ti ẹ̀wù òtútù lábẹ́ abíyá, tí àwọn ọmọdé sì ń fi wá ṣe ẹlẹ́yà. Yìnyín tí a mọ̀ kì í ṣe ohun eré. A máa bu ìka jẹ, a sì máa mú kí gègé kọ̀ láti kọ̀wé. Ní ọdún kan ó gbé ọ̀kan nínú àwọn alábàárù ṣubú, ọkùnrin náà kò sì lè fi apá ọ̀tún gbé páálí mọ́ títí ó fi padà sí abúlé rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ wa obìnrin kejì gbé fóònù síwájú wa ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, tí ó wí pé, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo àwọn obìnrin wọ̀nyí lórí yìnyín,” apá alábàárù náà ni ó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn.

Ó yẹ kí a jẹ́wọ́ ohun tí ó wà láàárín àwa àti ọmọ yìí kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà. Nígbà tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, kò sí ọmọ tí ó lè fò bí tirẹ̀. Eré tirẹ̀ ni fífò oníṣísẹ̀ mẹ́ta, èyí tí ènìyàn yóò sáré wá, tí yóò fi ẹsẹ̀ kan ta, tí yóò gbé ìṣísẹ̀ gbọọrọ kan, kí ó tó fò sínú iyanrìn. Olùkọ́ rẹ̀ wá bẹ̀ wá nílé lẹ́ẹ̀mejì pé kí a jẹ́ kí ó máa lọ dánra wò ní Sùúrùlérè. A kọ̀. A ní ọmọ akọ̀wé kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ wá oúnjẹ. Ajégúnlẹ̀ wa yìí kan náà ni Samson Siasia àti Odion Ighalo ti fi ẹsẹ̀ wá oúnjẹ dé òkè òkun, ṣùgbọ́n a ní ọkùnrin ni wọ́n, bọ́ọ̀lù sì ni tiwọn. Bàtà eré tí olùkọ́ náà fún un, àwa fúnra wa ni a mú un lọ fún ọmọ aládùúgbò. Kò sunkún. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ó di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kí ó tó tún dárúkọ eré fífò sí wa létí, pé òun fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. A rẹ́rìn-ín. A bi í léèrè bóyá ìyá arúgbó ni yóò máa fò. Kò dá wa lóhùn, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ó gbé fóònù wá.

Ẹni àkọ́kọ́ tí a rí ni Surya Bonaly, obìnrin aláwọ̀ dúdú ti ilẹ̀ Faransé, tí ń jó lórí yìnyín pẹ̀lú bàtà tí irin abẹ́ rẹ̀ rí bí ojú ọ̀bẹ. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni ó gba ipò kìíní ní Yúróòpù, láti ọdún 1991 dé 1995. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ṣe ipò kejì ní gbogbo ayé, ṣùgbọ́n kò gba àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì kankan rí. Ní Nagano, ní ilẹ̀ Japan, ní ọdún 1998, nígbà tí kò sí ìrètí àmì ẹ̀yẹ mọ́, ó tàkìtì sẹ́yìn lójú àwọn adájọ́, ó sì fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo balẹ̀. Òfin kọ̀ ọ́ nígbà náà. Ọdún 2024 ni àwọn aláṣẹ eré náà tó mú òfin yẹn kúrò. A ní kí ọmọ wa tún un fi hàn wá, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni ó sì fi hàn wá.

A ní, “Ṣùgbọ́n ọmọ Faransé nìyẹn.” Ó ní, “Bàbá, mo mọ̀ pé ẹ ó wí bẹ́ẹ̀,” ó sì yí ojú fóònù sí ẹlòmíràn. Orúkọ tí a rí níbẹ̀ mú wa nàró lórí àga: Sìmídélé Adéagbo.

Toronto, ní ilẹ̀ Kánádà, ni a bí obìnrin yìí sí ní ọdún 1981. Ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀, ilẹ̀ wa níhìn-ín ni ó sì ti lo ìgbà kékeré rẹ̀ kí wọ́n tó kó lọ sí Kentucky ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe oníjó orí yìnyín bí ti ìṣáájú. Ẹ gbọ́ eré tí ó kọ́kọ́ ń ṣe: fífò oníṣísẹ̀ mẹ́ta! Ọmọ wa kò sọ̀rọ̀, ojú wa ni ó ń wò. Ínǹṣì mẹ́jọ péré ni ó kù kí obìnrin yìí yege fún Òlíńpíìkì ọdún 2008. Ó fi eré sílẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ Nike, iṣẹ́ náà sì gbé e dé Johannesburg. A mú téèpù tí ọmọ wa fi ń wọn aṣọ, a wo ínǹṣì mẹ́jọ lórí rẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju ọwọ́ wa lọ, láti ọrùn ọwọ́ dé ṣóńṣó ìka.

Ó tó ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà kí ó tó gbọ́ nípa Seun Adigun, ẹni tí ó sáré fífò kọjá igi fún Nàìjíríà ní London ní ọdún 2012. Adigun ti fi pákó kan ọkọ̀ orí yìnyín nínú ilé ọkọ̀ rẹ̀ ní Houston, òun àti obìnrin méjì mìíràn sì ń múra láti gbé orúkọ Nàìjíríà lọ sí Òlíńpíìkì ìgbà òtútù. Ara Sìmídélé kò gbà á mọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ó bẹ̀rẹ̀ eré tirẹ̀. Skeleton ni wọ́n ń pe eré náà, èyí tí í ṣe egungun ara. Orúkọ náà nìkan ì bá ti dá àwa dúró. Ènìyàn yóò máa sáré ti irin pẹlẹbẹ kan bí ẹni tí ń ti ọmọlanke, yóò sì da ikùn dé e, orí síwájú, ojú sí ilẹ̀, yóò máa yọ̀ lọ sísàlẹ̀ nínú ọ̀nà yìnyín. Kò ní bíréèkì, èjìká àti orúnkún ni a sì fi ń darí rẹ̀. Àgbọ̀n ẹni fẹ́rẹ̀ẹ́ kan yìnyín, eré rẹ̀ sì ju 100 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Àwa tí a ń di ògiri mú rìn nínú ilé òtútù!

Oṣù mẹ́fà kò pé lẹ́yìn náà tí ó fi wà ní PyeongChang, ní Gúúsù Kòríà, ní oṣù kejì ọdún 2018, ìgbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà dé Òlíńpíìkì ìgbà òtútù. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni ó sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀nà oníkọ́nà 16 yẹn, ní ọjọ́ 16 àti ọjọ́ 17 oṣù náà. Lizzy Yarnold ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gba ipò kìíní. Obìnrin 20 ni ó díje, Sìmídélé ni ó ṣe ogún.

Ọ̀rẹ́ wa kan tí ó jókòó tì wá bú sẹ́rìn-ín. “Ẹni ogún nínú ogún! Nítorí èyí ni ẹ fi ń fi dátà ọmọ ṣòfò?” Inú bí wa, ó sì yà wá lẹ́nu pé inú bí wa. A bi í pé obìnrin Áfíríkà mélòó ni ó ti ṣe eré yìí rí ní Òlíńpíìkì ṣáájú rẹ̀. Kò sí ẹyọ kan. Akọ̀wé ni wá, òǹkà ni iṣẹ́ wa, ìyàtọ̀ òdo àti ọ̀kan kò sì ṣòro fún wa láti rí. Ọ̀rẹ́ wa ní kò burú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa owó iná.

Àwa kò gbọ́ ọ̀rọ̀ iná náà. Obìnrin yẹn fi eré sílẹ̀ fúnra rẹ̀, fúnra rẹ̀ ni ó sì padà sídìí rẹ̀. Ọmọ tiwa kò fi í sílẹ̀. Àwa ni a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rọrùn fún bàbá láti wí irú èyí létí ọmọ, a kò sì rí i wí ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ọjọ́ Ẹtì ni a ra bàtà ọ̀kíríkà kan tí ìṣó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, a gbé e lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, a sì bọ́ sí ìta.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ó bẹ̀ wá pé kí a bá òun di téèpù mú. Pápá ilé ẹ̀kọ́ kan ni a lọ, níbi tí ó ti fi ṣọ́bìrì tú iyanrìn fúnra rẹ̀. Ní èkíní, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́, ó ṣubú kí ó tó dé iyanrìn. Ní èkejì, kò tilẹ̀ fò. Ní ẹ̀kẹta ó balẹ̀ lórí ìdí, iyanrìn kún ẹnu rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. A wọ̀n ọ́n: mítà mẹ́sàn-án ó lé díẹ̀. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó ń fò ju mọ́kànlá lọ.

“Bàbá, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀.”

A tọwọ́ bọ àpò. Ìwé tí a fi ń ka páálí ẹja nìkan ni ó wà níbẹ̀, inú rẹ̀ ni a sì kọ ọ́ sí.