Ta Ni Yóò Mu Ọtí Náà? Láti Bẹẹrẹ dé Bẹyẹrúnká, Pẹ̀lú Ìwé Ọkọ̀ Òkun Kan

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ìrìn tí mo fẹ́ ròyìn fún yín lọ́sẹ̀ yìí kò jìnnà rárá, nítorí láti Bẹẹrẹ dé Bẹyẹrúnká ni mo rìn, nínú Ìbàdàn àtijọ́. Ṣùgbọ́n ìwé tí mo bá níbẹ̀, ti òkun ni, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ sì kan gbogbo ilé Mùsùlùmí tó bá ní ọmọ lókè òkun.

Alhaja kan ló ránṣẹ́ pè mí. Ó ti pẹ́ tí ìyá yìí ti ń ta aṣọ ní Ọjà'ba. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ mú un lọ gbafẹ́ lórí òkun fún ọjọ́ méje, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn kékeré, láti èbúté Southampton. Ìwé ọkọ̀ náà ti dé orí fóònù Alhaja, ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ kò sì yé e. Ó ní kí n wá bá òun kà á.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Bẹẹrẹ nígbà tí oòrùn ń gòkè. Ẹni tó bá mọ Bẹẹrẹ mọ̀ pé ọkọ̀ kì í dúró níbẹ̀ kí àwọn ọmọ olómi má sáré dé ojú fèrèsé. Òùngbẹ ń gbẹ mí, mo ra omi ọ̀rá kan, mo sanwó rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Èyí tí n kò mu wà nínú báàfù ọlọ́jà. Kò sí ẹni tó bi mí pé mélòó ni n óò mu kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Láti ibẹ̀ mo gun òkè lọ sí Mápó. Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n kọ́ láàrin 1925 sí 1929, ṣì dúró lórí òkè rẹ̀ pẹ̀lú àwọn òpó ràbàtà rẹ̀. Bí ènìyàn bá dúró níwájú rẹ̀, òrùlé páànù tó ti dípata ni yóò máa rí lọ títí ojú yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ilé ìjọba àti ti ìpàdé ìlú ni tẹ́lẹ̀. Lónìí wọ́n ń ṣe ìyàwó àti àríyá níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá ti náwó rí mọ bí ètò ohun mímu ti ń rí. A óò gba ẹlẹ́rìndòdò ní kéréètì kéréètì lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, a óò kà á níṣojú ẹlẹ́rìí. Bí àwọn àlejò bá lọ tán, a óò tún un kà. Bí a bá ti bá ọlọ́jà ṣàdéhùn bẹ́ẹ̀, èyí tí a kò ṣí, a óò dá a padà, a óò sì san owó èyí tí ẹnu mu. Èyí náà, ẹ fi sọ́kàn.

Mo sọ̀ kalẹ̀ gba Ọjà'ba. Ọjà Ìba ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, nítorí Ìba Olúyọ̀lé, Baṣọ̀run Ìbàdàn láyé ọjọ́un. Ibẹ̀ náà ni mọ́ṣáláṣí gbogbogbòò Ìbàdàn wà. Àwọn ènìyàn ti ń wọ́ lọ fún ìrun Jímọ̀. Lẹ́bàá ọ̀nà, obìnrin kan gbé àpò omi ọ̀rá kalẹ̀, ó ń pín in fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá. Mo fẹ́ fún un lówó, ó kọ̀. Ó ní sàráà ni, fún ìyá òun tó ti kú. Láàrin Bẹẹrẹ sí Ọjà'ba, mo ti ra omi, wọ́n sì ti fún mi lómi lọ́fẹ̀ẹ́.

Nígbà tí a kírun tán, mo yà sí Bẹyẹrúnká. Ilé Alhaja jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé alámọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára, àmù omi sì wà ní kọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí di òní. Kí n tó jókòó, ó ti ní kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bu omi wá fún mi. Àṣà wa nìyẹn: omi ní í ṣáájú ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo mu ún tán, ó na fóònù sí mi.

Mo kà á fún un ní Yorùbá. Yàrá inú ọkọ̀, ó ti sanwó rẹ̀. Oúnjẹ, ó wà nínú owó yàrá. Lẹ́yìn náà ni ìlà kan tó ní: owó àsansílẹ̀ ohun mímu, ti ọlọ́tí, àgbàlagbà mẹ́ta, ọjọ́ méje.

Alhaja ní, "Àgbàlagbà mẹ́ta? Ọmọ mi ni ọ̀kan, ìyàwó rẹ̀ ni èkejì. Ta ni ẹ̀kẹta?"

Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin ni."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ti àtijọ́. Láyé ìgbà tí àwọn ọmọ Ìbàdàn ń lọ kàwé ní ìlú Òyìnbó, ọkọ̀ òkun ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ̀. Ilé-iṣẹ́ Elder Dempster ló ní àwọn ọkọ̀ bíi Accra àti Apapa, àti Aureol tó kọ́kọ́ ná ọ̀nà Liverpool sí Èkó ní 1951. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń wà lójú omi. Ibi ìtajà ọtí wà nínú wọn, àwọn agbọ́tí wọ aṣọ funfun. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìrìnnà ni wọ́n, wọ́n ń gbé ènìyàn àti lẹ́tà dé ibi tó ń lọ. Ní 1972, Aureol kúrò ní Liverpool, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Southampton, ní 1974 ó sì dáwọ́ dúró nítorí ọkọ̀ òfurufú ti gba oníbàárà rẹ̀. Wọ́n tà á, wọ́n sì sọ ọ́ di ilé ìgbé lórí omi ní Jeddah, èbúté àwọn Alhaji.

Ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ ayé òde òní yàtọ̀. Kò gbé ènìyàn lọ síbì kan kó fi í síbẹ̀. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni ìlú tí a lọ wò. Nínú èyí tó tóbi, báà lè ju mẹ́wàá lọ, láti ẹ̀bá odò ìlúwẹ̀ẹ́ dé yàrá orin. Owó yàrá lè máà pọ̀ tó bí a ti rò, nítorí pé apá ńlá nínú èrè ilé-iṣẹ́ náà ń bọ̀ láti inú ohun tí ènìyàn rà lẹ́yìn tó ti wọlé, ọtí sì wà níwájú nínú wọn. Lójú omi, a kì í sábà fi owó ọwọ́ ra nǹkan. Káàdì tí a fi ń ṣí yàrá náà ni àpò owó. Agbọ́tí yóò gbà á, yóò fi kan ẹ̀rọ, gbèsè yóò sì máa ga níbi tí ojú kò rí i.

Owó àsansílẹ̀ ni wọ́n fi ń gbà wá lọ́wọ́ ìdààmú yẹn, bí wọ́n ti wí. A óò san iye kan fún ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan, a óò sì máa mu láìsan ti ife kọ̀ọ̀kan mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ pọ̀. Èkíní, gbogbo ọjọ́ ìrìn àjò ni a óò san, àní ọjọ́ tí a sọ̀ kalẹ̀ sí ìlú tí a kò sì sí nínú ọkọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Èkejì, àwọn ọkọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà sábà máa ń fi ìdá 18 tàbí 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé e, fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé e wá. Ẹ̀kẹta, ó lè ní ìwọ̀n: ti ilé-iṣẹ́ Carnival kò gbà ju ife ọlọ́tí 15 lọ láàrin wákàtí 24.

Nígbà tí mo sọ èyí, Alhaja rẹ́rìn-ín. "Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Lójúmọ́ kan? Ṣé àmù ni wọ́n ń pọnmi sí ni?"

Ẹ̀kẹrin ló kan Alhaja fúnra rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí àgbàlagbà kan nínú yàrá bá ra ti ọlọ́tí, dandan ni kí àwọn àgbàlagbà yòókù nínú yàrá náà ra á. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ẹni tó sanwó yóò máa bu fún ẹni tí kò san. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń jẹ́ kí ẹni tí kì í mu ọtí ra ti aláìlọ́tí dípò rẹ̀, bí a bá béèrè.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Kí a fi dọ́là 50 lójúmọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ọjọ́ 7 jẹ́ 350. Ènìyàn 3 jẹ́ 1,050. Bí a bá fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé e, ó di dọ́là 1,260. Èyí túmọ̀ sí dọ́là 60 lójúmọ́ fún ẹnì kan. Bí ife kan bá jẹ́ dọ́là 12, ẹni náà gbọ́dọ̀ mu márùn-ún lójoojúmọ́ kí owó rẹ̀ tó pé. Ohun tó burú nínú rẹ̀ nìyí: ẹni tí ì bá mu ẹyọ kan yóò mu márùn-ún, kí owó má bàa ṣòfò. Àwọn olómi Bẹẹrẹ kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Ẹlẹ́rìndòdò Mápó tí a kò ṣí, ó ń padà sílé ọlọ́jà. Èyí tí a kò mu lórí òkun, ó ti lọ nìyẹn.

Alhaja kò sọ nǹkan kan nípa owó. Ó gba fóònù, ó pe ọmọ rẹ̀, ó sì jẹ́ kí n máa gbọ́.

"Ọmọ mi, wọ́n ní bí ẹnì kan bá ra ọtí nínú yàrá, gbogbo wa la óò rà á. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Òfin ọkọ̀ ni. Ẹ ò ní í fẹnu kan ọtí. Omi èso lẹ óò máa mu."

"Ó dára. Ta ni ẹnì kan náà?"

Ọmọ náà dákẹ́. A gbọ́ ohùn ẹlẹ́kọ tó ń polówó lóde. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó ní, "Màmá, ẹ má bínú."

Alhaja ní, "N kò bínú. N kò sì ní kí o wá rojọ́ fún mi. Ẹni tí o óò rojọ́ fún jù mí lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ tí bàbá rẹ sọ mí di ìyá ilé pẹ̀lú rẹ̀ kò ní í wà nínú ìwé ọtí. Bí kò bá ṣeé yọ, fi mí sílẹ̀ ní Bẹyẹrúnká. Omi wà níbí." Ó gbàdúrà fún un, ó sì pa fóònù.

Ẹ̀yin ìyá, a mọ̀ pé àyà 90 nínú Súrà Máídà ti ka ọtí léèwọ̀. Àwọn àlùfáà wa sì ń kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ náà kò mọ sọ́dọ̀ ẹni tó mu ún. Ẹni tó rà á àti ẹni tó gbé e wà nínú rẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré pé kí a fi orúkọ ìyá ẹni síbẹ̀ láìbi í. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Ẹni tó bá fẹ́ wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó béèrè nǹkan wọ̀nyí kí ó tó sanwó. Kí ni mo lè mu lọ́fẹ̀ẹ́? Omi lásán, tíì àti kọfí lásán sábà máa ń wà nínú owó yàrá, omi èso sì máa ń wà nígbà oúnjẹ àárọ̀. Ǹjẹ́ mo lè ra ti aláìlọ́tí nìkan, tàbí kí n máa san ti ife tí mo bá béèrè? Ǹjẹ́ káàdì ọmọdé lè rajà láìjẹ́ pé òbí mọ̀? Kí a bi alásè bí wọ́n bá fi wáìnì se ọbẹ̀. Kí a sì ṣọ́ra fún bíà tí wọ́n ní kò lọ́tí, nítorí ní Amẹ́ríkà irú rẹ̀ lè ní ọtí tó súnmọ́ ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí yóò bá ẹlòmíràn sun yàrá kan, kí ó bèèrè òfin yàrá náà kí orúkọ rẹ̀ tó wọlé.

Kí a tó kírun Àsárì, fóònù Alhaja tún dún. Ọmọ rẹ̀ ni. Ó ní òun ti fagi lé e fún ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí ọkọ̀ kò tíì gbéra, owó yóò sì padà. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ kò sì béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kàn ní, "Ó ṣeun, ọmọ mi. Mò ń bọ̀."

Lẹ́yìn náà ó gbé àpò rẹ̀ jáde kí n wò ó. Kẹ́tùlù iná wà nínú rẹ̀. Mo ní kí ó yọ ọ́, nítorí àwọn ọkọ̀ òkun kì í gbà á nítorí ewu iná. Ó fi bútà oníke sí ipò rẹ̀ fún àlùwàlá, ó sì ki ìgò omi òfìfo kan bọ ẹ̀gbẹ́ àpò, èyí tí yóò máa bu omi ọ̀fẹ́ sí. Nígbà tí mo dìde, ó tún ní kí wọ́n bu omi fún mi. Mo mu ún. Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá.

Ó dìgbà kan ná o.