Orúkọ tí Muhammad Ali Jà Fún

Ìfẹ́ tí a ní sí Muhammad Ali láti kékeré kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀ṣẹ́. Orí orúkọ ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Cassius Clay ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní ìlú Louisville, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1942. Orúkọ yìí náà ni ó ń jẹ́ nígbà tí ó gba ìgbànú àgbáyé lọ́wọ́ Sonny Liston ní oṣù kejì ọdún 1964. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí ayé gbọ́ pé Muhammad Ali ni ó ń jẹ́. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn kọ̀, wọn kò pè é bẹ́ẹ̀. Ernie Terrell, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ẹgbẹ́ rẹ̀, kọ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n pàdé ní Houston ní ọdún 1967, ìpele 15 gbáko ni Ali fi nà án, tí ó sì ń bi í léèrè lójú ìjà pé kí ni orúkọ òun.

Ẹni tí kò mọ ayé ìgbà náà lè fi èyí rẹ́rìn-ín. Àwa kò rẹ́rìn-ín. Ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ tí wọ́n fi wá sí, ọmọ tí bàbá rẹ̀ sọ ní Súlèmánà, Sólómọ́nì ni olùkọ́ ń kọ sínú ìwé. Lẹ́yìn tí a gbọ́ ti Terrell, àwa kan kọ̀, a kì í dáhùn títí wọn ó fi pe èyí tí àlùfáà fi sọ wá lórúkọ. A jẹ ẹgba lórí rẹ̀ dáadáa.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1967 kan náà, wọ́n ní kí ó wọ iṣẹ́ ológun nígbà ogun Vietnam. Ó ní ẹ̀sìn òun kò gbà á. Wọ́n gba ìgbànú, wọ́n gba ìwé àṣẹ ìjà, ilé-ẹjọ́ sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún 5 fún un pẹ̀lú owó ìtanràn 10,000 dọ́là. Ọdún 1971 ni ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ tó dá a láre. Ọmọ ọdún 25 ni nígbà tí wọ́n dá a dúró, ìgbà tí ara abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ń le jù. Ó lé ní ọdún 3 tí kò jà.

Kì í ṣe gbogbo ìwà rẹ̀ ni a fara mọ́. Joe Frazier tì í lẹ́yìn nínú ìnira yẹn, síbẹ̀ ìnàkí ni ó ń pè é ṣáájú ìjà Manila ní ọdún 1975. Kò yẹ ọmọlúwàbí. Ẹgbẹ́ tí ó kọ́kọ́ bá wọ ẹ̀sìn náà sì ń kọ́ni ní ohun tí Súnnà kò mọ̀. Ọdún 1975 yìí náà ni ó yà kúrò níbẹ̀.

Ti Kinshasa ní ọdún 1974, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Aago kan náà ni àwa àti wọn ń lò. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí George Foreman fi ṣubú ní ìpele kẹjọ. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ni a gbọ́ ọ lórí rédíò, àwọn àgbà tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ ìjà sì ń kí ara wọn kú oríire.

Ó kú ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2016, lẹ́ni ọdún 74. Ní ọjọ́ 9, ọjọ́ kẹrin àwẹ̀, wọ́n kírun sí i lára ní Louisville. A ń ṣínu lọ́wọ́ nígbà tí ìròyìn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. A gbé omi sílẹ̀, a ṣe àdúà fún un.