Ojú Òní, Ọ̀rọ̀ Àná

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá fi ojú àná wo òkú, ẹbọra a bọ́ni láṣọ. Òdì òwe yìí ni ó máa ń bá ẹni tí ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Ojú òní ni onítọ̀hún fi ń wo ọ̀rọ̀ àná, ẹbọra a sì bọ́ ọ láṣọ níwájú olùdánwò.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí olùkọ́ rẹ̀ fún ní iṣẹ́ ògbufọ̀. Nínú àyọkà náà, ọ̀gá kan ń bá ìránṣẹ́ rẹ̀ wí, "thou" ni ó sì ń pè é. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí sọ "thou" di "ẹ̀yin" láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí olùkọ́ bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní, "Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni, sà. Òun ni wọ́n fi ń pe Ọlọ́run nínú Bíbélì." Èsì náà bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà. Ọ̀gá tí ń fi ìbínú pe ìránṣẹ́ ní "ẹ̀yin" ti sọ gbogbo àyọkà náà di yẹ̀yẹ́.

Ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ẹnìkan ṣoṣo ni "thou" wà fún, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni "ye" sì wà fún, gẹ́gẹ́ bí "ìwọ" àti "ẹ̀yin". Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàlá ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwòkọ́ṣe àwọn Faransé, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ pe ẹnìkan tí wọ́n bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún. "You" di ọ̀rọ̀ àpọ́nlé. "Thou" di ti ọmọdé, ti ìránṣẹ́, ti ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, àti ti ẹni tí a bá fẹ́ tàbùkù. Ní ọdún 1603, nígbà tí wọ́n ń ṣe ẹjọ́ Sir Walter Raleigh ní Winchester, Sir Edward Coke tí í ṣe agbẹjọ́rò ọba mọ̀ọ́mọ̀ pè é ní "thou" láti fi wọ́ ọ nílẹ̀. Ẹni tí ọmọdé bá ti pè ní "ìwọ" rí lójú agbo kò nílò àlàyé lórí bí irú èébú bẹ́ẹ̀ ti ń dunni tó. Ní ààrin ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ẹ̀wẹ̀, George Fox àti àwọn Quaker kọ̀ láti pe ẹnìkan ṣoṣo ní "you", ìbáà ṣe adájọ́ ni. Wọ́n ní ẹnìkan kì í ṣe méjì. Ìyà kékeré kọ́ ni wọ́n jẹ nítorí èyí.

Báwo wá ni "thou" ṣe di ti Ọlọ́run? Iye ènìyàn ni àwọn atúmọ̀ Bíbélì ti ọdún 1611 ń kà, wọn kò wo ti ọ̀wọ̀. Èdè Hébérù àti èdè Gíríìkì ya ẹnìkan sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀pọ̀. Nítorí náà Ọlọ́run, afọ́jú alágbe àti Sátánì ni wọ́n jọ ń jẹ́ "thou" nínú ìwé náà. Nínú Ìhìn Rere Lúùkù, orí kejìlélógún, Jésù ń bá Pétérù sọ̀rọ̀: "you" tí ó kọ́kọ́ lò kan gbogbo àwọn àpọ́sítélì, "thee" tí ó tẹ̀ lé e sì kan Pétérù nìkan. Gẹ̀ẹ́sì òde òní kò lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ya èyí sọ́tọ̀ mọ́. Yorùbá lè ṣe é. Nígbà tí "you" gba gbogbo ẹnu, inú ilé ìjọsìn ni "thou" sá sí, ó sì gbé ẹ̀wù ìwà mímọ́ wọ̀. Bíbélì Yorùbá tí ó jáde lódindi ní ọdún 1884 pe Ọlọ́run ní "Ìwọ". Ẹni tí kò jẹ́ pe baba rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń fi í gbàdúrà láìsí ẹ̀rù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ Èkìtì lè fi ẹ̀ka-èdè rẹ̀ pe àgbà ní "ìwọ", tí kò sì ní jẹ́ àrífín.

"Thou" nìkan kọ́ ni ó ń tanni jẹ. "Meat" kò jẹ́ ẹran nìkan rí, oúnjẹ gbogbo ni. Ìdí nìyẹn tí Ọlọ́run fi fi ewéko àti èso ṣe "meat" fún ènìyàn nínú Jẹ́nẹ́sísì. "Prevent" túmọ̀ sí kí a ṣáájú ẹni. "Suffer" lè túmọ̀ sí kí a gbà kí nǹkan ṣẹlẹ̀, "quick" sì lè túmọ̀ sí alààyè. "Let", tí í ṣe kí a jẹ́ kí nǹkan ṣe lónìí, tún lè jẹ́ ìdènà nígbà náà. Ọ̀rọ̀ tí a kò rí rí kò léwu, nítorí yóò lé ni lọ sídìí ìwé atúmọ̀-èdè. Èyí tí ojú rẹ̀ jọ ojú ojúlùmọ̀ gan-an ni ó ń ṣini lọ́nà.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó túmọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó bèèrè ìgbà tí a kọ ìwé náà, ẹni tí ń sọ̀rọ̀, àti ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹnìkan bá sì fi "you" bẹ̀rẹ̀ tí ó wá bọ́ sí "thou", kí ó mọ̀ pé nǹkan ti yí padà láàrin àwọn méjèèjì: bóyá ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́, bóyá ìjà ti dé.

Olùkọ́ yẹn kò fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní òdo. Ó rántí pé lọ́jọ́ díẹ̀ sẹ́yìn, òun sọ fún kíláàsì kan náà pé ìmọ̀ran kan kò tó tọ́rọ́, tí gbogbo wọ́n sì dákẹ́. Tọ́rọ́, owó Gẹ̀ẹ́sì tí a kò ná mọ́ láti ìgbà tí náírà dé ní ọdún 1973, ti di ọ̀rọ̀ àná lẹ́nu olùkọ́ fúnra rẹ̀. Ó dá ìwé padà fún ọmọ náà pé kí ó tún un ṣe. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.