Lẹ́tà sí Ṣadé: A ti Negril dé

London,
oṣù Kẹrin, 2025.

Ṣadé ọ̀rẹ́ mi,

Mo rí ọ̀rọ̀ tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù, mo sì pinnu pé lẹ́tà ni màá fi dá ọ lóhùn, torí ọ̀rọ̀ náà gùn ju ohun tí mo lè fi àtàǹpàkò tẹ̀ lọ. O ní kí ló gbé èmi àti Bàbá Fẹ́mi dé Jàmáíkà, pé òde ta la lọ. A ò lọ òde ẹnikẹ́ni. Kò sí ìgbéyàwó, kò sí ìsìnkú, kò sí ìkómọ. A lọ sinmi ni, àwa méjèèjì péré, létí òkun.

O mọ bí ìrìn àjò wa ṣe máa ń rí. Ilé náà là ń lọ ṣáá: aṣọ ẹbí nínú báàgì, owó ìnáwó nínú àpò, ìpàdé mọ̀lẹ́bí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, a ó sì padà sí London pẹ̀lú àárẹ̀ tó ju èyí tá a gbé lọ. Tá a bá tún dé, èmi a forí lé iṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù, òun a forí lé bọ́ọ̀sì tó ń wà ní ìdájí. Bí mo ṣe ń wọlé lòun ń jáde. Bẹ́ẹ̀ la ṣe tọ́ àwọn ọmọ yẹn dàgbà. Ìgbà tí Fẹ́mi ríṣẹ́, òun àti àbúrò rẹ̀ dá owó jọ, wọ́n san ìdajì, wọ́n ní ká san èyí tó kù. Fẹ́mi ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin àti Dádì ò tíì jọ lọ síbì kankan rí tí kì í ṣe torí ẹlòmíràn." Mo wojú ọmọ yẹn, omi bọ́ lójú mi.

Negril ni wọ́n mú fún wa, ní ìpẹ̀kun ìwọ̀ oòrùn erékùṣù náà. Bíi wákàtí mẹ́wàá ni ọkọ̀ òfuurufú fò láti Gatwick kó tó balẹ̀ sí Montego Bay, ó sì tún ku bíi wákàtí kan àbọ̀ lójú títì. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ bíi ti London, Bàbá Fẹ́mi sì jókòó sẹ́yìn dírẹ́bà, ó ń bá a ṣọ́nà. Ìgbà tá a dé Lucea, àwọn ọmọ iléèwé ń jáde, àwọn ọkùnrin wọn nínú kàkí tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ṣọ́ọ̀ṣì lápá ọ̀tún, ṣọ́ọ̀ṣì lápá òsì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbọn, máńgòrò, ìrèké. Mo ní, "Bàbá Fẹ́mi, ṣé kì í ṣe ọ̀nà Ṣágámù la wà yìí?"

Irú òtẹ́ẹ̀lì tá a dé sí, èèyàn á ti san gbogbo owó tán kó tó dé ibẹ̀: yàrá, oúnjẹ, ohun mímu, títí kan ọkọ̀ ojú omi kéékèèké. Wọ́n á so nǹkan kan mọ́ ọ lọ́rùn ọwọ́, o ò sì ní mú pọ́ọ̀sì jáde mọ́ títí wàá fi lọ. Jàmáíkà yìí gan-an wà lára ibi tí òwò náà ti fìdí múlẹ̀. Lọ́dún 1976 ni John Issa ṣí ọ̀kan sí Negril, nígbà tó sì di 1978, ó ṣí òmíràn sí Ocho Rios fún tọkọtaya nìkan. Butch Stewart wá dá òtẹ́ẹ̀lì Sandals sílẹ̀ ní Montego Bay ní 1981. Èyí tó jẹ́ ti tọkọtaya nìkan ló wú mi lórí jù. Ẹnì kan jókòó, ó rò ó pé ó yẹ kí ọkọ àti aya ní ibi kan tí ẹnikẹ́ni ò ti ní ké mọ́mì tàbí dádì sí wọn létí. Mo gbóríyìn fún un.

Ara wa ò kọ́kọ́ gba ìsinmi o. Aago mẹ́rin ìdájí ni Bàbá Fẹ́mi ń jí, bí ẹni tó fẹ́ lọ gbé bọ́ọ̀sì. Èmi náà, mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí obìnrin tó ń tọ́jú yàrá tó kanlẹ̀kùn. Nígbà tó yá la bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, a ń gbọ́ ohùn òkun nínú òkùnkùn, a ò sọ nǹkan kan. Díẹ̀díẹ̀ ni èjìká ọkọ mi ń sọ̀ kalẹ̀. Mo rí i.

Òkun ibẹ̀ kì í ṣe irú èyí tá a mọ̀. Rántí Bar Beach ní Èkó nígbà èwe wa, bí ìgbì ṣe máa ń bú ramúramù tí àwọn àgbà á ní ká má sún mọ́ ọn. Ti Negril rọ̀. Iyanrìn funfun ni, ilẹ̀ rẹ̀ sì ń lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tó fi jẹ́ pé wàá rìn jìnnà kí omi tó dé àyà rẹ, wàá sì máa rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ kedere. Mo ti ra aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ kan tó bo apá mi dé ìgbọ̀nwọ́ tó sì bo itan dé orúnkún, torí mi ò lè wọ pátá jáde lójú ọkọ ọlọ́kọ. Kò sí ẹni tó wò mí lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá Fẹ́mi ò mọ̀wẹ̀, ìwọ náà mọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣọ́ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ rí i bó ṣe dúró sójú kan, tí omi ò kọjá ìbàdí rẹ̀, ó lọ bá a. Ó na àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Ẹ gbé àyà sókè, ẹ wo ojú ọ̀run, ẹ jẹ́ kí omi gbé yín." Ọkọ mi ki ọrùn pọ̀, ó di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ jà. Ọmọ náà ò kánjú. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà léraléra, jẹ́jẹ́. Nígbà tó ṣe, mo rí i tí ìka Bàbá Fẹ́mi ń là, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wá yọ lójú omi. Ọmọ náà ti fa ọwọ́ tirẹ̀ kúrò, ọkọ mi ò mọ̀. Omi ló gbé e. Ṣadé, mo ti ń gbé pẹ̀lú ọkùnrin yìí tipẹ́, mi ò rí ojú rẹ̀ kó tutù bẹ́ẹ̀ rí, àfi tó bá sùn.

Jẹ́ kí n sọ ti oúnjẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo rí nǹkan kan tó pọ́n yẹ́ríyẹ́rí nínú páànù ńlá, mo ṣe bí ẹyin díndín ni. Mo sún mọ́ ọn. Iṣin ni! Iṣin tá a máa ń ṣà lẹ́yìn ilé ìyá àgbà yín ní Ìtòkò. Ackee ni wọ́n ń pè é, òun àti ẹja oníyọ̀ sì ni oúnjẹ tí gbogbo ìlú fi ń yangàn. Wọ́n á rẹ ẹja yẹn sómi kí iyọ̀ rẹ̀ lè dín kù, wọ́n á bọ iṣin, wọ́n á da omi rẹ̀ nù, wọ́n á wá fi àlùbọ́sà, tòmátò, ata rodo àti ewé táìmù dín gbogbo rẹ̀ pọ̀. Obìnrin tó ń sè é rí i pé mo dúró pẹ́, ó pè mí sẹ́yìn tábìlì. Ó mú odidi èso kan tó ti lanu fúnra rẹ̀, kóró dúdú mẹ́ta ń dán nínú rẹ̀. Ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ yọ fọ́nrán pupa tó wà nínú ẹran rẹ̀, ó jù ú nù. Ó ní èyí tí ò bá là lórí igi, ẹnikẹ́ni kì í já a, torí májèlé ni. Mo ní ìyá àgbà tó tọ́ wa náà gbá wa lọ́wọ́ nítorí ẹ̀ nígbà tá a kéré. Ó rẹ́rìn-ín, ó bu kún àwo mi.

Ọ̀dọ̀ wa lápá ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni igi yẹn ti lọ. Ọkọ̀ ẹrú ló gbé e dé Jàmáíkà, ní 1778. Lọ́dún 1793, ọ̀gákọ̀ kan tó ń jẹ́ William Bligh gbé e wá sí ọgbà Kew ní London níbí, orúkọ tirẹ̀ làwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ sì fi sọ ọ́, Blighia sapida. Ó ká mi lára. Ẹni tó gbé e dé ọgbà gba orúkọ. Àwọn tó bá a dé nínú ìsàlẹ̀ ọkọ̀, kò sẹ́ni tó kọ orúkọ tiwọn. Mo jẹ ẹ́ láràárọ̀ títí a fi kúrò níbẹ̀, pẹ̀lú tẹ̀tẹ̀ (callaloo ni tiwọn ń jẹ́, wọ́n ń sè é bí ẹ̀fọ́ wa gan-an) àti iṣu tí inú rẹ̀ pọ́n. Bàbá Fẹ́mi ní tiẹ̀ gba ti adìyẹ tí wọ́n ń yan lórí igi pimento, tí ata rẹ̀ ń kọ èèyàn létí.

Ohun kan wà tí kò dùn mọ́ mi. Obìnrin tó ń tọ́jú yàrá wa ń wá láti Savanna-la-Mar, tákìsì ló ń wọ̀ wá síṣẹ́. A di ọ̀rẹ́. Ó ní ìgbà tóun wà lọ́mọdé lòun ti wọ inú òkun yìí kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ lòun ń nu iyanrìn rẹ̀ kúrò nílẹ̀ yàrá àwọn àlejò. Òfin etíkun tí wọ́n ṣe ní 1956, nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fi etíkun sábẹ́ ìjọba, kò sì fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ gbogbogbòò láti lọ wẹ̀ níbẹ̀. Ní Negril, èèyàn ṣì lè rìn kọjá lórí iyanrìn, àwọn tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ àti àgbọn náà ń kọjá, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ wà nídìí ààlà òtẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Níbòmíràn, ògiri ni. Àwọn ará ìlú kan ti kó ara wọn jọ, wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, mo sì wà lẹ́yìn wọn. Kò yẹ kí ọmọ onílùú máa yọjú wo òkun bàbá rẹ̀ lórí ògiri.

Ó wá ku ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí sí ìwọ gan-an, àwa ọmọ Ìdí-Aba ní Abẹ́òkúta. Abẹ́òkúta mìíràn wà ní Jàmáíkà. Ẹkùn Westmoreland ló wà, lórí ilẹ̀ olókè, kò sì jìnnà sí Negril. Lẹ́yìn tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀ ní 1838, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń gba àwọn èèyàn lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrú lójú òkun. Láti 1841, wọ́n ń kó àwọn kan nínú wọn wá sí Jàmáíkà láti ṣiṣẹ́ oko. Àwọn Yorùbá wà nínú wọn, Nago ni wọ́n ń pè wọ́n, ọmọ Ẹ̀gbá sì wà láàárín wọn. Ronú sí i: bíi 1830 làwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ. Ìlú wa ṣì kéré nígbà táwọn wọ̀nyẹn ti sọ ibòmíràn ní orúkọ rẹ̀. Wọlé Ṣóyínká kọ nípa Abẹ́òkúta ti Jàmáíkà yìí nínú You Must Set Forth at Dawn. Nígbà tó sá kúrò nílé láyé Abacha, ibẹ̀ ló ní kí wọ́n sin òun sí tí ikú bá ká òun mọ́ ẹ̀yìn odi.

Dírẹ́bà tó gbé wa lọ síbẹ̀, ọmọ ẹkùn Hanover ni, bàbá àgbà kan tó fara balẹ̀. Ó sọ fún wa nípa Etu, ijó tí àwọn ọmọ Nago ń jó ní agbègbè tirẹ̀ níbi ìnáwó ìdílé, pé tí ẹnì kan bá jó tó dára, wọ́n á fi ìborùn kọ́ ọ lọ́rùn láti yẹ́ ẹ sí. Bàbá Fẹ́mi ní, "Ìnáwó wa nìyẹn o." A dé ibẹ̀: òkè, omi tútù tó ń ṣàn, igi ńláńlá, ilé díẹ̀díẹ̀. Ìyá arúgbó kan jókòó níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ẹsẹ̀ mi kúnlẹ̀ kí n tó rò ó. Mo ní, "Ẹ kú ilé o, mà." Kò gbọ́ ohun tí mo sọ, ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. Mo sọ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì pé Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí. Ó ní, "Èmi náà." Ìborùn àdìrẹ kan wà lọ́rùn mi, èyí tí àǹtí mi rà fún mi ní Ìtọ̀kú. Mo bọ́ ọ, mo fi kọ́ ìyá náà lọ́rùn.

Nírọ̀lẹ́, a máa ń lọ wo oòrùn tó ń wọ̀, torí ojú ìwọ̀ oòrùn ni Negril kọ sí, gbogbo ìlú ló ń dúró wò ó. Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti sọ fún mi pé gbogbo àsìkò tí mo fi ń ṣiṣẹ́ alẹ́, òun kì í sùn títí fóònù á fi dún pé mo ti débi iṣẹ́. Mi ò mọ̀. Mo rò pé ó máa ń ti sùn ni, kó lè jí ní ìdájí. Ṣé o rí i, ilé ò ráyè fún irú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ ọ́ pé kí ìwọ àti ọkọ rẹ, Bàbá Tọ́pẹ́, lọ. Ẹ má dúró de ìfẹ̀yìntì. Ẹ ti ní ẹ ó lọ bá Tọ́pẹ́ tọ́jú ìkókó ní Atlanta lọ́dún tó ń bọ̀. Bíi wákàtí mẹ́ta péré ni ọkọ̀ òfuurufú ń fò láti ibẹ̀ dé Montego Bay. Ẹ tètè béèrè ọ̀rọ̀ físà. Láti ìdajì oṣù Kejìlá sí ìdajì oṣù Kẹrin ni owó òtẹ́ẹ̀lì ń ga jù. Lẹ́yìn ìyẹn ó ń wálẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù Kẹfà sí oṣù Kọkànlá ni àkókò ìjì líle, ìjì Beryl jà ní Jàmáíkà ní oṣù Keje ọdún 2024, nítorí náà ìparí oṣù Kẹrin tàbí oṣù Karùn-ún ni kẹ́ ẹ fojú sí. Tí ẹ bá sì fẹ́ tọ́ iṣin yẹn wò kẹ́ ẹ tó lọ, ó wà nínú agolo ní Atlanta. Láti 1973 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fòfin dè é, ọdún 2000 ni wọ́n tó gbà kó wọlé.

Fi ìwọ̀n àyà àti ìbàdí rẹ ránṣẹ́ sí mi. Mo ti bá obìnrin tó ta aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ fún mi ní Peckham sọ̀rọ̀, ó ní aláwọ̀ aró kù. Àbúrò mi ń bọ̀ wá sílé lóṣù tó ń bọ̀, màá fi rán an sí ọ.

Èmi ni tìrẹ,
Bọ́sẹ̀