Orin Mẹ́ta



Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń wá ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Amẹ́ríkà, pianó ló fẹ́ kọ́. Wọ́n ní kó fi fídíò orin mẹ́ta ránṣẹ́, kò gbọ́dọ̀ gé wọn. Ó bá mi ní Kpankou, kí n bá a ṣà wọ́n.

Étude Chopin kan ló fẹ́ràn jù. Ọwọ́ rẹ̀ ń sáré níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó ń kọsẹ̀. Mo ní kó yọ ọ́.

"Bàbá, òun ló le jù!"

Mo ní àṣìṣe ni wọn yóò gbọ́, wọn ò ní gbọ́ líle. Bach tó ń rọra lọ, tó mọ́ tónítóní, la fi síwájú.

Ìjà wa gan-an wà lórí Nigerian Suite ti Ayọ̀ Bánkọ́lé, ọmọ Yorùbá tó kú ní 1976. Ojú ń tì í, ó ní wọn ò ní mọ̀ ọ́n. Èmi rí i pé orin yẹn nìkan ni kì í wo ìka rẹ̀ bó bá ń tẹ̀ ẹ́. Ọmọ tí wọ́n fi ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tọ́!

A gbà á sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ewúrẹ́ kan ké níparí. Wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ gé e, bẹ́ẹ̀ la ṣe fi ránṣẹ́. À ń retí èsì.